Láptọ́ọ̀pù Méjì Lórí Tábìlì Kan, Fáìlì Wọn Ń Rìnrìn Àjò

Ẹ jẹ́ kí á fi iṣẹ́ àwọn tó ń ya fídíò ayẹyẹ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó ya ìgbéyàwó kan ti kó gbogbo fídíò rẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù, ẹni tí yóò gé e tí yóò sì tò ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù tirẹ̀. Fáìlì náà tó gígábáìtì 4, ó tilẹ̀ lé díẹ̀. Báwo ni yóò ṣe dé ọwọ́ ẹnì kejì? WhatsApp kò lè gbé e, torí kì í gba ohun tó bá ju gígábáìtì 2 lọ, nítorí náà Google Drive ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sá tọ̀. Ẹni tó ni fáìlì yóò jó dátà gígábáìtì 4 kí ó tó gbé e lọ tán, ẹni tó ń gbà á yóò jó 4 mìíràn kí ó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tán. Gígábáìtì 8 ti lọ báyìí, fún ohun tí kò rìn ju ìwọ̀n apá kan lọ lójú ẹni tó ń wò ó. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ bu iyọ̀ fún ará ilé kejì, tó kọ́kọ́ wọkọ̀ gbé iyọ̀ náà lọ sí Kánò, kí ó tó gbé e padà wá fún un.

Àṣìmọ̀ kan ló wà nídìí àṣà yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá sí, Wi-Fi kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, rédíò lásán ni Wi-Fi. Rédíò kékeré kan wà nínú láptọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gbọ́, kò sì nílò alárinà kí ó tó gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn tó wà nínú yàrá kan náà ń sọ. Iṣẹ́ méjì ni ráútà tí a ń rà sílé ń ṣe: ó ń darí àwọn rédíò tó wà ní àyíká rẹ̀, ó sì ń so wọ́n mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò nílò iṣẹ́ kejì yìí kò ní ìdí kankan láti máa wá ráútà kiri. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí síso láptọ́ọ̀pù méjì pọ̀ tààrà rọrùn fún gbogbo ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, gẹ́gẹ́ bí títẹ ìwé jáde ṣe rọrùn fún wọn. Bí kò bá sì rọrùn, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí ni ẹ̀bi náà pọ̀ sí lọ́rùn jù, nítorí ọ̀nà tó ti wà tipẹ́ ni wọ́n ń tì sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀nà náà ti pẹ́ lóòótọ́. Ní 1985, àjọ FCC tó ń bójú tó ìgbì rédíò ní Amẹ́ríkà yọ̀ǹda àwọn ìgbì kan, 2.4 GHz wà lára wọn, pé kí ẹnikẹ́ni tó bá pa òfin agbára rédíò mọ́ máa lò wọ́n láìgba ìwé àṣẹ. Nígbà tí àjọ IEEE wá gbé ìlànà 802.11 jáde ní 1997, ìyẹn ìpìlẹ̀ tí gbogbo Wi-Fi tí à ń lò lónìí dúró lé, ọ̀nà ìsopọ̀ méjì ni wọ́n kọ sínú rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Nínú ọ̀kan, ẹ̀rọ kan ni olórí, gbogbo ọ̀rọ̀ sì gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, kódà kí àwọn méjì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ fara kan ara wọn. Nínú èkejì, tí wọ́n ń pè ní ad hoc, kò sí olórí rárá. Láptọ́ọ̀pù tó bá kọ́kọ́ dé yóò kéde orúkọ ẹgbẹ́ náà sí afẹ́fẹ́ ní nǹkan bí ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí èkejì bá ti gbọ́ orúkọ yìí tó sì wọlé, àwọn méjèèjì ni yóò jọ máa ṣe ìkéde náà: kálukú yóò dúró díẹ̀ fún àkókò tí kò ní iye kan pàtó, ẹni tí àkókò tirẹ̀ bá kọ́kọ́ pé yóò kéde, èkejì yóò sì dákẹ́ fún un. Ìjọba àjùmọ̀ṣe ni, kò sì sí ohun kan nínú rẹ̀ tó gba pé kí íntánẹ́ẹ̀tì wà nítòsí.

Àwọn kan yóò béèrè pé, bí kò bá sí ráútà, ta ni yóò fún láptọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí wọn yóò fi máa dá ara wọn mọ̀? Ìbéèrè gidi ni, nítorí ráútà ló ń pín nọ́ńbà yìí nínú ilé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dáhùn rẹ̀ tipẹ́. Kọ̀ǹpútà tó bá béèrè nọ́ńbà títí tí kò rí ẹni dá a lóhùn yóò fúnra rẹ̀ mú ọ̀kan nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà nítòsí bóyá ẹnì kan ti ń lò ó, bí kò bá sì sí, yóò dì í mú. Windows àti Mac ti ń ṣe èyí kí ìwé ìlànà rẹ̀ tó jáde lábẹ́ orúkọ RFC 3927 ní 2005. Ẹni tó bá ti rí nọ́ńbà yìí rí lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ a máa rò pé ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ńṣe ló ń wá ẹni tí wọn yóò jọ sọ̀rọ̀.

Kí ló wá pa ad hoc? Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pọ̀, kò sì yẹ kí á bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé a fẹ́ràn èrò tó wà nídìí rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìyára. Bí Wi-Fi ṣe ń yára sí i, tó kúrò ní 11 Mbps (ìyẹn mẹ́gábíìtì 11 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) ti 1999, tó dé 54 ní 2003, tó sì tún kọjá bẹ́ẹ̀, 11 àtijọ́ yẹn nìkan ni wọ́n fi dandan lé fún ad hoc, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò sì ṣe ju ohun tí wọ́n fi dandan lé lọ. 11 yìí náà kì í ju nǹkan bí 5 lọ tó bá kan fáìlì gan-an. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀: fídíò gígábáìtì 4 wa yóò gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 46. Ìkejì ni ààbò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ayé ìgbà náà kò fún ad hoc ní ìdáàbòbò kankan ju WEP lọ, WEP yìí kan náà sì ni àwọn olùṣèwádìí Fluhrer, Mantin àti Shamir tú wò ní 2001, tí wọ́n fi hàn pé ẹni tó bá ní sùúrù láti máa gbọ́ yóò rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ìkẹta ni pé ìjọba àjùmọ̀ṣe náà a máa pín sí méjì: láptọ́ọ̀pù méjì yóò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórúkọ kan náà láìgbọ́ ara wọn, kálukú yóò wà nínú tirẹ̀ ní òun nìkan, àwọn olùlò yóò sì máa wo orúkọ kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà láìmọ̀ pé méjì ni.

Ìtìjú rẹ̀ tó burú jù ṣẹlẹ̀ ní àwọn pápákọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà. Fún ọdún púpọ̀, orúkọ kan, Free Public WiFi, ń jáde lójú kọ̀ǹpútà àwọn arìnrìn-àjò káàkiri, kò sì sí ẹni tó ń pèsè ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀. Àléébù Windows XP ni. Bí láptọ́ọ̀pù bá ti wọ ẹgbẹ́ ad hoc kan rí, tí kò sì rí Wi-Fi mìíràn tó mọ̀, òun náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kéde orúkọ ẹgbẹ́ yẹn. Ẹni tó ń wá íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ yóò tẹ̀ ẹ́, kò ní rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ náà yóò gbé orúkọ náà lọ sí ìlú mìíràn. Kì í ṣe báírọ́ọ̀sì, síbẹ̀ ó ń tàn bíi báírọ́ọ̀sì. Àtúnṣe Windows XP tó jáde ní 2008 ló gé e níbẹ̀. Lẹ́yìn irú èyí, kò yani lẹ́nu pé nígbà tí Windows 8 dé ní 2012, ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti dá ad hoc sílẹ̀ ti pòórá, tí Apple náà sì yọ tirẹ̀ kúrò nínú macOS ní 2020.

Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni mo rò pé àwọn ènìyàn kò kíyèsí dáadáa. Wọn kò padà sídìí ráútà. Wọ́n mú iṣẹ́ ráútà, wọ́n gbé e lé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Windows 7 ti mú irú èyí wá ní 2009. Ní 2010, ẹgbẹ́ Wi-Fi Alliance bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí àwọn ẹ̀rọ tó ń lo Wi-Fi Direct, nínú èyí tí ẹ̀rọ méjì tó bá pàdé yóò kọ́kọ́ dúnàádúrà lórí ta ni yóò ṣe olórí: kálukú yóò sọ bí ó ṣe fẹ́ ipò náà tó, láti 0 dé 15, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ni yóò jẹ olórí. AirDrop ti Apple dé ní 2011, òun náà ń gbé fáìlì láti Mac kan sí èkejì láìsí ráútà. Lórí fóònù, ọgbọ́n yìí kan náà ni Xender, tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń pín orin àti fíìmù, ń dá: ọ̀kan nínú àwọn fóònù yóò tan hotspot, èkejì yóò wọ inú rẹ̀. Ẹni tó ń lo Xender ti so ẹ̀rọ méjì pọ̀ láìsí ráútà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó kàn jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé láptọ́ọ̀pù náà lè ṣe é. Àwọn kan ń ṣọ̀fọ̀ ad hoc nítorí pé kò ní olórí, wọ́n ní ìdọ́gba ló bá a lọ. Èmi ò bá wọn ṣọ̀fọ̀. Olórí tó wà láàárín yàrá, tó ń lo ìdáàbòbò WPA2, tó sì ń sáré ju 11 Mbps lọ, sàn fún iṣẹ́ ju ìdọ́gba tí kò ṣeé gbára lé. Ní 100 Mbps, tí láptọ́ọ̀pù òde òní lè ṣe nítòsí ara wọn láìsí wàhálà, fídíò tó gba wákàtí kan àti àbọ̀ ó lé yẹn yóò kọjá ní ìṣẹ́jú 5 àti díẹ̀.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti ń sọ láti òkè wá: fíláàṣì ńkọ́? Ẹ̀rí tó wà lójú gbogbo wa ni, fíláàṣì rọrùn, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo fídíò wa tó lé gígábáìtì 4. Fíláàṣì púpọ̀ ni wọ́n ṣètò ní ọ̀nà FAT32, FAT32 kì í sì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó gígábáìtì 4, bó ti wù kí àyè ṣófo tó nínú rẹ̀. Olùlò yóò rí i pé àyè gígábáìtì 30 ń bẹ, ẹ̀rọ yóò sì sọ fún un pé fáìlì náà ti tóbi jù. Lẹ́yìn ìyẹn ni báírọ́ọ̀sì. Conficker, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní ìparí 2008, lo fíláàṣì láti fò láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà. Stuxnet, tí àṣírí rẹ̀ tú ní 2010 lẹ́yìn tó ti ba ẹ̀rọ jẹ́ ní Natanz ní ilẹ̀ Iran, lè gba orí fíláàṣì wọ ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí fíláàṣì ogún ènìyàn ń wọnú kọ̀ǹpútà kan náà lójúmọ́, kò nílò ìtàn Iran kí ó tó gbà mí gbọ́. Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni da fíláàṣì rẹ̀ nù. Mo ń sọ pé a kò gbọdọ̀ fi í ṣe ìdáhùn sí gbogbo nǹkan.

Àwọn mìíràn yóò ní ayé ti lọ kọjá ibẹ̀, pé íntánẹ́ẹ̀tì ti dé ibi gbogbo, ta ni yóò tún máa so láptọ́ọ̀pù pọ̀? Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ta ko wọ́n. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já nítòsí etíkun Côte d'Ivoire. Nàìjíríà, Gánà àti Benin wà lára àwọn tó fara gbá a, kódà àwọn báńkì wa kò lè ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Lóòótọ́, síso láptọ́ọ̀pù méjì pọ̀ kò lè tún báńkì ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú ọ́fíìsì kan náà, tí wọ́n fẹ́ fún ara wọn ní ìwé kan lásán ní ọjọ́ yẹn, kí ni okùn tó já lábẹ́ òkun ní í ṣe pẹ̀lú wọn? Ti owó tún wà níbẹ̀: ní oṣù kìíní 2025, àjọ NCC tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, tó lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Gígábáìtì 8 tí a fi ń rán fídíò kọjá orí tábìlì kì í ṣe ohun eré mọ́.

Kúbà fi ohun tí àìní lè kọ́ ènìyàn hàn wá. Kí íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù 3G tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kejìlá 2018, àwọn ará ìlú ti sọ Zapya, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Xender, di ohun èlò ojoojúmọ́, wọ́n ń fi pín fíìmù àti orin láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Ní Havana, àwọn ọ̀dọ́ tilẹ̀ so ilé mọ́ ilé pẹ̀lú wáyà àti Wi-Fi títí tí SNET fi di àwùjọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà tí kò kan íntánẹ́ẹ̀tì, kí òfin tuntun ìjọba ní 2019 tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Nítòsí wa, nígbà tí ètò One Laptop per Child gbé kọ̀ǹpútà XO wá fún ìdánwò sí ilé-ẹ̀kọ́ Galadima ní Àbújá ní 2007, àwọn tó ṣe é ti kọ́ ọ mọ́ ọn pé kí kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Wọ́n mọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì ilé-ẹ̀kọ́ lè má sí, ṣùgbọ́n ọmọ kejì kò ní ṣàì sí lórí bẹ́ǹṣì. Mo rò pé èrò yẹn tọ̀nà ju ti àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù olówó ńlá lónìí lọ.

Àríyànjiyàn tó lágbára jù ni ti ààbò. Láptọ́ọ̀pù tó bá di olórí ti ṣí ilẹ̀kùn, ẹni tó bá sì pín àpò fáìlì rẹ̀ fún gbogbo ayé láìsí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ti fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ ní gbayawu. Ohun tí mo fi ń dáhùn ni pé ewu yìí ní ààlà tó ṣeé rí. Ìgbì rédíò láptọ́ọ̀pù kì í jìnnà púpọ̀, ẹni tó fẹ́ ṣe ibi gbọ́dọ̀ wà ní itòsí, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé náà. Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ tó gùn, ẹ má pín ju àpò fáìlì kan tí ẹ nílò lọ, ẹ sì pa á bí iṣẹ́ bá ti parí. Ẹni tó gbé fídíò ìdílé ẹlòmíràn sórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun, tó sì fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ fún ẹni tó lè fi han ẹnikẹ́ni, kò ní ìdí láti bẹ̀rù yàrá tirẹ̀ ju ibẹ̀ lọ. Ibi tí ọ̀nà yìí kò dára sí tún wà: bí àwọn ènìyàn bá ti pọ̀, ẹ lọ ra ráútà. Hotspot Windows kì í gbà ju ẹ̀rọ 8 lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù tó ń ṣe olórí sì ń tètè tán.

Ẹjọ́ tí mo ní gan-an wá kù. AirDrop ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ohun èlò Apple ni wọ́n ṣe é fún. Lórí Windows, tó jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, hotspot tó wà nínú Settings yóò kọ̀ láti tàn bí láptọ́ọ̀pù náà kò bá ní íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò pín. Ìyẹn ni pé ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, tó nílò ìsopọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, òun gan-an ni wọ́n dí lọ́wọ́. Àṣẹ àtijọ́ ti Windows 7 tó lè ṣe é láìsí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ káàdì Wi-Fi tuntun ni kò sì gbà á mọ́. Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe: Linux ń dá hotspot sílẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù kan náà láìbéèrè íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí Microsoft yọ ìdènà yẹn kúrò, iṣẹ́ ńlá kọ́ ni. Títí wọn yóò fi ṣe é, ẹ mú fóònù Android kan, ẹ pa dátà rẹ̀, ẹ tan hotspot rẹ̀, kí ẹ so láptọ́ọ̀pù méjèèjì mọ́ ọn, kí ẹ sì fi LocalSend, ohun èlò ọ̀fẹ́ tí a fi ń pín fáìlì, sórí àwọn méjèèjì. Ọ̀pọ̀ fóònù ni yóò gbà fún yín, fídíò náà yóò kọjá, dátà yín kò sì ní dín rárá.